Èmi Ni Mo Fi Ewé Dí Ọ̀nà Bọ̀dá Káyọ̀dé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ìbínú ni mo fi kọ ọ́, àmọ́ ara mi gan-an ni mò ń bínú sí jù.

Ìgbìmọ̀ kan ní Festac fẹ́ ṣe ìrántí eré ọkọ̀ tó ti Èkó dé Kánò nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì. Ìwé ìpolówó wọn ti kún Apple Junction. Ó wà níbẹ̀ pé olóògbé Ẹ̀gbọ́n Rótìmí ló gba ipò kìíní, pé ó sì tọ́ sí i. Irọ́ ni. Ó wà níbẹ̀ pé Píjó ni Bọ̀dá Káyọ̀dé tó ṣe ipò kejì wà. Irọ́ ni, ọkọ̀ ìjàpá ni. Wọ́n wá kọ “Bọ̀dá Eléwé” sábẹ́ orúkọ àgbàlagbà, wọ́n ya ewé sí i. Ìwọ̀sí ni. Èmi ni mo sì fà á.

Èmi ni mo jókòó ti Ẹ̀gbọ́n Rótìmí, tí mò ń wo máàpù. Mi ò tíì rí awakọ̀ bíi Bọ̀dá Káyọ̀dé. Nígbà tí rádíétọ̀ wa gbẹ lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo ọkọ̀ ń kọjá, àwọn nìkan ló dúró. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọn fún wa.

“Rótìmí, fún mọ́tò ẹ lómi mu jàre, kí n lè rí ẹni nà ní Kánò.”

Lẹ́yìn Jẹ́bà, a ti ṣáájú wọn díẹ̀. A dúró ní kété tí a kọjá ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, Ẹ̀gbọ́n Rótìmí wọ igbó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Mo sáré ṣẹ́ ewé, mo tò ó dí ọ̀nà lẹ́yìn wa, bí awakọ̀ ṣe máa ń ṣe tí tírélà bá ṣubú síwájú. Ẹ̀gbọ́n ò wẹ̀yìn. A lọ.

Bọ̀dá Káyọ̀dé rí ewé, wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n bá ọ̀nà kejì, ọ̀nà eléruku tó gùn, lọ. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bá wa ní Kánò! Ẹ ò rí i pé ọwọ́ wọn dá ṣáṣá? Àmọ́ tírélà ti gbá ewé náà lọ kí àwọn awakọ̀ yòókù tó dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí i.

“Ewé kẹ̀? Bọ̀dá, àbí ẹ dúró já ẹ̀fọ́ ni?” Báyìí ni adájọ́ eré ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n ṣàlàyé pé ewé ló dí ọ̀nà. Ó bi mí léèrè. Mo ní mi ò rí ewé kankan. Láti ìgbà náà, títí dé Mile 2 ni wọ́n ń pè wọ́n ní Eléwé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bọ̀dá Káyọ̀dé pè mí wá sílé wọn ní àdúgbò Raji Rasaki. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn níbi ìrántí náà lọ́jọ́ Sátidé.

“Ìwọ nìkan ni mi ò gbọ́ Eléwé lẹ́nu ẹ rí. O sọ pé o ò rí ewé, òótọ́ lo sọ. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú, báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i?”

Ìyàwó wọn bu ìrẹsì fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ nílé wọn kó tó di Sátidé, àbí kí n dìde sọ ọ́ lójú gbogbo Festac, lójú àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n Rótìmí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má ṣáà ní kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ rí.