Ìwé Màmá Magdalene Tí A Fi Pọ́n Àkàrà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti pé ọdún mọ́kànlá. Dókítà sì ti sọ fún mi pé ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàárè.

Ẹ rántí Màmá Magdalene, ìyá arúgbó ará Jámánì tí mo máa ń lọ tọ́jú lẹ́yìn òpópónà Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí. Ogún ọdún ni wọ́n fi fọwọ́ kọ ìtàn ọkùnrin ìlú wọn kan láyé ijọ́un, tó ń ṣọ́ igbó, tó mọ ohùn ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ń fi ìpara ra wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn á máa sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ó máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n tó fi àáké kan igi, kí wọ́n kọ́kọ́ gbójú sókè, kí wọ́n wo ẹni tó ń gbébẹ̀. Àwọn èèyàn ti gbàgbé rẹ̀, àfi Màmá nìkan.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan wọ́n ní kí n bá wọn fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú wọn ní Jámánì. Inú àpò kan náà ni wọ́n kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, èyí tí mo máa ń fi pọ́n àkàrà tí a máa ń gbé lọ sí mọ́sáláṣí ní Jímọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tì, mo bá gbé àpò náà lọ sílé. Láàárọ̀ Jímọ̀, èmi ń dín, Àsúmáù ọ̀rẹ́ mi ń pọ́n. Mo ní kó mú bébà nínú àpò, mi ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo fi mọ̀, epo ti mu gbogbo ẹ̀, àwọn èèyàn ti jẹ àkàrà, wọ́n ti ju bébà nù. Àsúmáù ní kí n panu mọ́, pé arúgbó á gbàgbé. Ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ má bọ́. Mo sọ fún Màmá pé mo ti fi ránṣẹ́.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn oṣù méjì tí èsì ò dé, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Sìdíkàt, bó bá sọnù, sọ fún mi. Ìtàn náà ṣì wà nínú orí mi. Màá máa sọ, ìwọ á máa kọ."

Ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn. Èmi ọ̀dájú! Mo ní, "Ó ti dé, Mummy. Àwọn ará ìlú yín pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ó dára gan-an."

Wọ́n sunkún ayọ̀. Wọ́n ní àwọn lè sinmi wàyí. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n dákẹ́, ìtàn náà sì bá wọn wọlẹ̀.

Nusaybah ọmọ mi, mo ti kọ ohun tí mo rántí nínú ìtàn náà, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, kò ju ojú ewé kan ààbọ̀ lọ. Fi ránṣẹ́ sí ìlú wọn. Kọ orúkọ Màmá sí i, kọ ohun tí mo ṣe náà sí i. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Bí ẹ bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ẹ tètè sọ, nígbà tí ẹni tó lè tún un ṣe ṣì wà láyé. Mo rántí ẹyẹ, mo rántí igi. Orúkọ ọkùnrin yẹn, mi ò rántí ẹ̀ mọ́.