Òróró Tí Wọ́n Dà Sórí Gìtá Mi

Nígbà tí ọwọ́ mi ò tíì máa gbọ̀n báyìí, ẹ̀yin ọmọ, gìtá oníná ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kàn ní Òkè-Ìlá níbí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń kàn án? Lónìí ẹ ó tẹ fóònù, wọ́n á gbé e wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà, kò ní pẹ́ tí ọrùn rẹ̀ á fi tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Kí ló fà á? Igi tútù ni!

Tèmi kọ́. Igi àfàrà láti Ìyìn ni mo fi ń ṣe ara rẹ̀, ọ̀gànwó ni ọrùn. Àjà ilé ìdáná ìyá yín àgbà ni mo ń to igi sí, kí èéfín máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òun a máa pariwo pé, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé igi la ó máa jẹ ni? Ibo ni kí n kó àgbàdo mi sí?" Obìnrin yẹn... Ṣùgbọ́n kò yọ igi kan kúrò níbẹ̀ rí. Ìgbà tí mo bá fi ìka kan igi, tó dún kọ́ń, ìgbà yẹn ni mo tó mú ayùn.

Ẹ gbọ́. Ìjọ aládùúrà kan ní kí n kan ọ̀kan fún àwọn. Mo kàn án, mo họ ọ́ títí ó fi ń dán, èmi fúnra mi ni mo to wáyà inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ yà á sí mímọ́, a kọ́kọ́ dán an wò. Háà! Ó kọrin! Àwọn ará Ìjan tó wá bá wọn jọ́sìn ní àwọn náà fẹ́ tiwọn.

Ni wòlíì ìjọ náà bá gbé ìgò òróró. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fi ìka kàn án ni. Iná ń lọ nínú rẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí a ṣe ń ya nǹkan sí mímọ́?"

Ó dà á. Gbogbo ìgò! Ó tún wọ́n omi àdúrà lé e. Wọ́n tan ańpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, gìtá ha gàràgàrà, ó dákẹ́.

Mo tú u níwájú gbogbo wọn. Òróró ń kán lára wáyà. Mo ní ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n nù ún, tó bá gbẹ, á dún. Wòlíì ní, "Òróró mímọ́ kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀mí burúkú ló wà nínú igi yìí."

Bí wọ́n ṣe sun ún nìyẹn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì! Ìyá yín àgbà dúró lẹ́bàá iná, ó ń pariwo pé, "Uṣẹ́ ọkọ mi lẹ̀ ń sun! Uṣẹ́ ọkọ mi!"

Àwọn ará Ìjan ò wá mọ́. Ta ló fẹ́ ra igi ẹlẹ́mìí? Àga ìjókòó ni mo wá ń kàn jẹun. Wòlíì ti kú, wọ́n sì sin ín tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀yin wá ní kí n dárí jì í. N ò dárí jì í! Ó lọ sí sàréè láì kó ọ̀rọ̀ ẹ̀mí burúkú yẹn jẹ. Ta ni yóò wá bá mi kó o kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbáà jẹ́ àgbà, ìbáà wọ aṣọ funfun. Ẹ kọ́kọ́ gbà á. Tó bá ti wà lábíyá yín tán, ẹ wá dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀bẹ̀.