Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Bẹ́ẹ̀dì Abẹ́rẹ́ ní Ring Road

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi tó ń kàwé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa ní ẹ̀yìn tí a fi ń jókòó, tó sì tún fún wa ní ẹbí tí yóò bá wa wí nígbà tí a bá ń fi ẹ̀yìn náà ṣeré. Ìpè kan ṣoṣo rèé. Rótìmí, olùkọ́ ní Agbowó, ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fèyísọ́lá, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Bódìjà. Ọjọ́bọ̀ ni. Ní Sátidé ni Rótìmí àti ẹbí rẹ̀ yóò lọ tọrọ Ọmọ́fẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

FÈYÍ: Hẹ́lò? Rótìmí?

RÓTÌMÍ: Àǹtí mi, ẹ káàsán mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

FÈYÍ: Dáadáa ni wọ́n wà. Ẹ̀yìn ńkọ́?

RÓTÌMÍ: Ẹ̀yìn ń dúpẹ́. Àǹtí, ìbéèrè kékeré kan. Abẹ́rẹ́ tí dókítà yín gún mi ní ìbàdí lánàá, apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?

FÈYÍ: Ta ni yóò mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ? Ìwọ lo ni ìbàdí.

RÓTÌMÍ: Wọ́n ti pa gbogbo ibẹ̀ kú kí wọ́n tó gún un. Mi ò mọ̀ mọ́.

FÈYÍ: Kí lo fẹ́ fi ṣe?

RÓTÌMÍ: Kò sí o. Mo kàn — ṣé ẹ gbọ́ mi?

FÈYÍ: Mo gbọ́ ọ. Kí ló dé tí ohùn rẹ ń jáde bíi ti ẹni tó wà nínú ìkòkò?

RÓTÌMÍ: Mo dojú bolẹ̀ ni.

FÈYÍ: Lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ?

RÓTÌMÍ: Lórí bẹ́ẹ̀dì... ẹlòmíràn.

FÈYÍ: Olúrótìmí! Sátidé là ń lọ tọrọ ìyàwó —

RÓTÌMÍ: Kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀dì yẹn! Ring Road ni mo wà, lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ àwọn Ṣáínà tọ́jú iṣan. Ó ti gún ti ẹsẹ̀, mo ti dà bí òòrẹ̀. Ìbàdí ló kù.

[Fèèrè ọkọ̀.]

FÈYÍ: Àná ni dókítà gún ọ! Ó ní kí o lọ sinmi!

RÓTÌMÍ: Mo ń sinmi. Mo dùbúlẹ̀.

FÈYÍ: Ṣé o sọ fún ọkùnrin yẹn pé o gba abẹ́rẹ́?

RÓTÌMÍ: Ó bi mí.

FÈYÍ: Kí lo wí?

RÓTÌMÍ: Mo ní rárá.

FÈYÍ: Yé! Dókítà ńkọ́, ṣé o sọ ti Ring Road fún un?

RÓTÌMÍ: Kò bi mí.

FÈYÍ: Nínú ìtọrẹ àánú ni ọwọ́ òsì kò ti gbọdọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, Rótìmí, kì í ṣe nínú ìtọ́jú ẹ̀yìn! Ẹni tó bá áńgẹ́lì jìjàkadì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án nítan, ó tiro. Ìwọ wá lọ háyà áńgẹ́lì méjì!

RÓTÌMÍ: Ṣé wọn ò lè jọ ṣiṣẹ́ ni?

FÈYÍ: Wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn ń ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì gbọ́ nípa ara wọn! Ojú abẹ́rẹ́ àná kò tíì jinná, o fẹ́ kí ó tún gún un lójú kan náà —

RÓTÌMÍ: Bí mo bá sọ, á ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Sátidé ńkọ́? Ẹ mọ bàbá Ọmọ́fẹ́, Bàbá Adéróunmú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ojú ẹni tó kọ́kọ́ wá tọrọ rẹ̀ rí.

FÈYÍ: Èyí tó fi ọwọ́ kan kanlẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì?

RÓTÌMÍ: Wọ́n ní ẹni tí kò lè na tàntàn níwájú àwọn kò ní na ọwọ́ sí ọmọ àwọn. Wọ́n lé e tòun tiṣu. Àǹtí, lọ́jọ́ Ajé mo dán ìdọ̀bálẹ̀ wò nínú yàrá mi. Onílé àti ìyàwó rẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ gbé mi dìde.

FÈYÍ: Pe ọkùnrin náà kó tó débi ìbàdí. Sọ fún un. Ṣé o gbọ́ mi?

RÓTÌMÍ: Ẹ̀ ń já o. Ó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń tọ́jú bàbá kan. Ó ní tóun bá ti —

[Igbe ọkùnrin: "Yéèèè!"]

FÈYÍ: Kí nìyẹn?

RÓTÌMÍ: Àǹtí. Mo mọ igbe yẹn.

FÈYÍ: Ti ta ni?

RÓTÌMÍ: Bàbá Ọmọ́fẹ́ ni.

FÈYÍ: Bàbá Adéróunmú? Irọ́ ni!

BÀBÁ [lókèèrè]: Mi ò ké o! Mo húkọ́ ni!

GBÁDÉRỌ̀ [lókèèrè]: Bàbá, ẹ ò gba abẹ́rẹ́ kankan sẹ́yìn lọ́sẹ̀ yìí, àbí?

BÀBÁ: Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Èmi? Láéláé.

FÈYÍ: Hẹn-ẹn.

RÓTÌMÍ: Kí ni "hẹn-ẹn"?

FÈYÍ: Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò lè sọ ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́. Fi mí sí sípíkà.

RÓTÌMÍ: Àǹtí, ẹ má pa mí —

FÈYÍ: Fi mí sí sípíkà!

[Kín-ín.]

FÈYÍ: Bàbá Adéróunmú, ẹ káàsán o, sà! Nọ́ọ̀sì Fèyísọ́lá ni, ti Bódìjà. Ara ti ń mókun láti àná?

BÀBÁ: ...Gbádérọ̀. Dúró ná. Mú ọwọ́ kúrò.

GBÁDÉRỌ̀: Bàbá! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi yín!

RÓTÌMÍ: Ọ̀gá, ẹ dákun, èmi náà gbà á. Àná náà ni. Mi ò mọ apá ibi tó wà.

FÈYÍ: Apá òsì!

GBÁDÉRỌ̀: Ha! Ẹ̀yin méjèèjì! Mi ò fọwọ́ kan ìbàdí ẹnikẹ́ni lónìí. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà dókítà yẹn, kí a jọ sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mira, mò ń bọ̀ wá yọ ti ẹsẹ̀.

BÀBÁ: Ta ló wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn? Ṣé kì í ṣe Olúrótìmí?

RÓTÌMÍ: Èmi ni sà. Ẹ káàsán sà. Ẹ má bínú, mi ò lè dìde wá dọ̀bálẹ̀.

BÀBÁ: Báwo lo ṣe wà níbẹ̀ yẹn?

RÓTÌMÍ: Mo dojú bolẹ̀ sà.

BÀBÁ: Àyà kan bẹ́ẹ̀dì?

RÓTÌMÍ: Ó kàn án sà.

BÀBÁ: Ẹsẹ̀?

RÓTÌMÍ: Ó nà tàntàn sà.

BÀBÁ: Imú?

RÓTÌMÍ: Ó wà nínú ihò bẹ́ẹ̀dì sà.

BÀBÁ: Hmm. Ẹni àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ jẹ́ kí orúnkún kanlẹ̀. Ó dáa. Mo ti gbà á. Ní Sátidé, dúró jẹ́jẹ́, kí o tẹrí ba. Màá sọ fún ẹbí mi pé o ti dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó pẹ́ nílẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

FÈYÍ: Ẹ ṣeun sà! Olúwa á —

RÓTÌMÍ: Ẹ ṣeun sà! Sà, bí màmá Ọmọ́fẹ́ bá wá bèèrè ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ fún yín ńkọ́?

BÀBÁ: Màmá Ọmọ́fẹ́? Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn mí! Gbọ́ o. Tó bá bi ọ́, sọ pé —

FÈYÍ: Kó sọ pé kí ni? Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi sà? Rótìmí! Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìpè já.]

Ẹ̀yin tí ẹ bá a dé ibí, ẹ̀yìn yín kò ní jẹ yín níyà. Ẹ kò ní fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò yín sàn. Bí ẹ bá sì dọ̀bálẹ̀, ẹ ó dìde fúnra yín, láìpe onílé. Àmín.