Ìlà Mẹ́rin Tí Mo Gé Kúrò

Ọmọ Nancy, jókòó. Dókítà ní n kò ní rí òdòdó ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ogójì ọdún gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Gbé ìwé ewì yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé torí ẹ̀ lo ṣe wá wo adágún wa. Gbogbo ayé ló ń sọ pé Gilbert àbúrò mi fẹ́ràn òkè àti omi ju ènìyàn lọ. Irọ́ ni. Èmi ni mo sì dá irọ́ náà sílẹ̀.

Gilbert kì í jókòó kọ ewì. Á máa rìn lọ rìn bọ̀ létí adágún, á máa kùn bí oyin, ìkùukùu á bò ó dé ọrùn, àwọn àgùntàn á kàn máa wò ó. Tó bá wọlé, á pe ewì náà sókè, èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìkọ̀wé tirẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti fẹsẹ̀ walẹ̀. Ayé mi nìyẹn: òun, èmi, iná ààrò, òórùn koríko tútù. N kò fẹ́ kó yí padà láéláé.

Ní ìgbà ìrúwé kan, ó pe ewì kan tó mú omijé bọ́ lójú mi. Ìkùukùu ń gòkè, omi ń dán, àwọn ẹyẹ ń pe ara wọn. Ó wá kan ìparí:

Òkè, ẹ ṣé. Omi, ẹ ṣé,
Láìsí Nancy, òkúta lásán ni yín.
Nancy, bí o bá fẹ́ mi,
Wá bá mi lábẹ́ igi etí omi lọ́jọ́ Ìsinmi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú un lọ fún un. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́."

Nancy, ọmọ olùṣọ́-àgùntàn! Owú gbé mi wọ̀. Mo fi àlùmọ́gàjí gé ìlà mẹ́rin náà kúrò, mo sì fi wọ́n pamọ́ sínú Bíbélì mi. Ẹ wo ìkà obìnrin!

Ìyá rẹ ń fún ọmọ àgùntàn ní wàrà nígbà tí mo dé. Ó kà á, ó yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà dùn o. Òkè wà níbẹ̀, ẹyẹ pàápàá wà níbẹ̀. Èmi wá dà?"

"Ìwọ kẹ̀? Kí lo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?"

Ó fi irun àgùntàn náà bojú, ó sunkún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Gilbert dúró lábẹ́ igi títí òjò fi pa á. Ó wọlé, ó ń gbọ̀n, ó bi mí pé, "Ṣé ó kà á tán?" Ibí yìí ni mo ti pa àwọn méjèèjì. Mo ní, "Ó kà á tán. Ó rẹ́rìn-ín ni."

Kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ fẹ́ atukọ̀, ó bá a lọ sí Liverpool. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ewì rẹ̀, Gilbert ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ìparí yẹn." Mo mú kálàmù, mo ṣe bí ẹni tó ń yọ ohun tí mo ti gé kúrò tipẹ́. Kò níyàwó títí ó fi kú.

Ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ, ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni.

Ṣí Bíbélì yẹn. Ìwé pélébé tó wà láàárín rẹ̀, mú un lọ fún ìyá rẹ. Mo ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí kò bá dárí jì mí, ó tọ́. Ṣáà jẹ́ kó kà á tán.