Ìdí Tí Fóònù Agbẹ̀bí Kò Fi Dún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, àti ẹ̀yin àgbà ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ dá ìyàwó mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí mo kọ yìí dé òpin. Kò pa fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò sùn. Èmi ọkọ rẹ̀, tí mo ń darí orin nínú ìjọ, tí ẹ sì ń pè ní ẹni jẹ́jẹ́, èmi ni mo ba fóònù náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti di egungun lọ́fun mi, n kò lè gbé e mì mọ́.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Ìyàwó mi sọ fún mi pé bátìrì fóònù òun tètè ń kú, bẹ́ẹ̀ àwọn aboyún lè pe òun nígbàkigbà. Bátìrì tuntun ni ọlọ́gbọ́n ìbá rà sí i. Èmi, ìgbéraga kò jẹ́. Mo ní kánẹ̀lì àdáni ni n óò fi sí i. Kánẹ̀lì ni ọkàn fóònù: òun ló ń pín iná fún ẹ̀yà ara rẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí yóò sùn àti ìgbà tí yóò jí. Àwọn kan máa ń ṣe tiwọn yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́, wọn a ní tiwọn kì í jẹ iná. Kí irú rẹ̀ tó lè wọlé, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí búùtùlódà, ìyẹn aṣọ́nà tó ń yẹ ohun gbogbo wò kí fóònù tó jí. Èmi ni mo lé aṣọ́nà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, tí a ń pè ní Wáyà, ló fún mi ní kánẹ̀lì náà. Ó kìlọ̀ o. Ó ní, “Bọ̀dá, nǹkan yìí ò tíì jinná. Àbí fóònù ìyàwó yín lẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?” Mo ní kó lọ jókòó, pé nígbà tí mo ti ń tún fóònù ṣe, bébà ló ṣì fi ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Fóònù náà tàn, ó pa, ó tún tàn, ó tún pa, bí ẹni tó ń tòògbé nígbà ìwàásù. Mo yọ kánẹ̀lì náà, mo fi òmíràn sí i; ó jí, kámẹ́rà kò ṣí. Mo tún un ṣe, kámẹ́rà ṣí, gbogbo ara rẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Àwọn oníbàárà ń dúró, mo ń kanra mọ́ wọn. Níkẹyìn ó rọlẹ̀, bátìrì kò sì tán bọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó gbàdúrà fún ọwọ́ mi.

Kò pẹ́ tó fi ní àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn pe òun, kò wọlé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ̀rọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú fún ìgbà díẹ̀, fóònù náà ń sùn wọra, ìpè kò lè jí i. Abájọ tí bátìrì kì í fi í tán. Òkú kì í jẹun. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò ni. Mo yí èyí, mo yí tọ̀hún, kò gbọ́.

Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó káfíńtà, ọ̀kan lára àwọn aboyún tí ìyàwó mi ń tọ́jú, fi rọbí ṣáájú àkókò. Ìyàwó mi ni ó kàn kí àwọn aboyún pè lọ́sàn-án náà. Ó wà nílé, ó ń ká aṣọ, fóònù wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káfíńtà pè títí. Èjìká ọmọ há, àwọn aládùúgbò fi agbára fà á. Ìyá yè, ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run; ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ọmọ náà kò ṣeé gbé sókè títí di òní. Káfíńtà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, “Màmá, ẹ ò bá ti sọ fún wa pé ẹ máa pa fóònù. À bá ti gbé e wá bá yín.”

Àgbà agbẹ̀bí ní kó mú fóònù wá, kí oníṣẹ́ tiwọn wò ó. Ó yá ìyàwó mi lára, torí ọkàn rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ nù ún. Ìkìlọ̀ máa ń jáde nígbà tí a bá tan fóònù náà, pé búùtùlódà wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo fẹ́ pa rẹ́. Ó yẹ kí n dá kánẹ̀lì ilé-iṣẹ́ padà ná, kí n tó ti búùtùlódà padà. Kò wọlé. Okùn kọ̀ǹpútà ń já. Mo tún un ṣe, ó dé ìdajì, ó dúró. Inú ń bí mi sí okùn, sí Wáyà, sí ìyàwó mi tó ń kanlẹ̀kùn pé àkókò ń lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá dá aṣọ́nà padà nígbà tí kánẹ̀lì àjèjì ṣì wà nínú ilé, kò ní jẹ́ kí fóònù náà jí mọ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo tì í. Kì í ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kó kú.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé bóyá omi ló wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àgbà sì ní ìyàwó mi ló pa ẹ̀rí run.

Nígbà àdúrà ìdílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ ti àga, ó ní, “Olúwa, bóyá ọwọ́ mi ló ṣèèṣì pa á, n kò rántí. Dárí jì mí nítorí apá ọmọ yẹn.” Ó ń retí mi.

Mo ní, “Àmín.”

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá nìyẹn tó wúwo jù. Láti ìgbà náà, bí mo bá la ẹnu láti darí orin, ohùn kì í jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ pé fóònù nìkan ló bàjẹ́. Mo ń lọ bá káfíńtà fúnra mi. Ẹ̀yin àgbà, ohun tó bá tọ́ sí mi ni kí ẹ ṣe fún mi, ṣùgbọ́n ẹ pe ìyàwó mi padà.

Mo ka ìwé yìí fún un kí n tó fi ránṣẹ́. Kò bú mi. Ó sunkún pẹ́, lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ọwọ́ òun kọ́. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí, kí òun lè máa rí i.

Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.