Fìtílà Inú Ìkòkò Ẹmu

Kí omi ẹ̀rọ tó dé Adó, mo dúró lẹ́bàá kànga kan ní àdúgbò Òkè-Ìlá níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àwọn agbẹ́kànga méjì ti fẹ́ kó ẹrẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà.

Èyí àbúrò ti di okùn mọ́dìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fìtílà yẹn kalẹ̀ sínú kànga. Bí kò bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára nìyẹn, kí n máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Fìtílà tuntun ni, n kò tíì mọ̀ ọ́n. Gbé ìkòkò ẹmu àná yẹn wá."

"Ẹmu kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ fún fìtílà lẹ́mu ni?"

"Kò ní í mu ún. Èémí tó wà lórí ẹmu tó ń hó, òun náà ló ń pa ènìyàn nínú kànga. Ibẹ̀ ni n ó ti dán an wò."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń jó dáadáa ni?"

"Níta gbangba níhìn-ín, èwo ni kì í jó? Fìtílà tí kò kú rí, kò mọ ikú. Uṣẹ́ wa kò fẹ́ ìkánjú."

Mo ti gbọ́ òwe púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí kò kúrò létí mi: fìtílà tí kò kú rí, kò mọ ikú.

Ẹ̀gbọ́n gbé fìtílà sínú ìkòkò, kò jẹ́ kó kan ẹmu. Iná kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Ó gbọ́n." Ó tún un tàn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Ó ń jó nísàlẹ̀.

"Ó yá, máa lọ."

Àbúrò di okùn mú, kò mira. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbé e sínú ìkòkò ẹmu yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."