Omi Tó Ń Ṣàn Lábẹ́ Yìnyín Foppa

Alága ìjókòó yìí, Ọ̀gbẹ́ni Battesta Maissen, mo kí yín. Fádà Sigisbert, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bẹ Ọlọ́run kí yìnyín bọ́ lóṣù Kejìlá, tí ẹ tún máa ń bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró lóṣù Kejì, mo júbà. Ẹ̀yin àgbà ìlú Surplaun tí ẹ ti gba gbogbo ìjókòó tó sún mọ́ ààrò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ará Vallatscha láti ẹ̀yìn òkè, tí ọ̀rọ̀ wa máa ń dùn mọ́ débi pé ẹ máa ń wá láìpè, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin olùṣọ́ òkè tí a jọ wọ aṣọ pupa láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Èmi Mengia Tuor, tí ẹ mọ̀ sí olórí àwọn olùṣọ́ òkè síkì yìí, láti àárọ̀ ọ̀la, mo fẹ̀yìn tì, mo di èrò ilé. Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìmọ̀ ló gbé mi dé orí òkè ni? Ìbéèrè ni. Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó délé. Linard ọkọ mi nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ bi í léèrè.

Ta ló kọ́kọ́ fẹsẹ̀ lé pákó síkì nínú ìlú yìí? Òkè Piz Tgamutsch, òkè màlúù ni tẹ́lẹ̀. Bí òtútù bá ti dé, a ó kó ẹran sọ̀kalẹ̀, a ó tilẹ̀kùn, ó di ìgbà tí koríko bá tún hù. Àfi lọ́dún kan tí ọkùnrin ará Norway kan, tó wá ṣiṣẹ́ ojú irin nísàlẹ̀ àfonífojì, de pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tó gun òkè lọ, tó sì yọ̀ wálẹ̀ fìrì bí àwòdì tó rí òròmọdìyẹ. Gbogbo èèyàn sá wọlé. Ìyá tó bí ìyá mi, Barla, ọmọge nígbà náà, nìkan ló dúró.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lé yín?"

Ọkùnrin náà ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń sáré?"

"Ó dùn ni."

"Ẹ bọ́ ọ, kí n tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò lóòótọ́, inú òkìtì ìgbẹ́ màlúù bàbá rẹ̀ ló sì balẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀ pariwo pé, "Barla, irú ìtìjú wo nìyí?" Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ná." Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń ṣàn nínú mi o, ẹ má bínú.

Nígbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́, ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn ni wáyà tó ń gbé àwọn àga tí èrò ń jókòó sí gòkè. Gbogbo òkè mìíràn tí mo dé, wáyà wọn tọ́ gbọnrangandan. Tiwa nìkan ló yà láàárín ọ̀nà. Kí ló dé? Ìtàn tí a máa ń sọ fún àlejò ni pé Bàbá Gieri, tó ni pápá ibẹ̀, mọ̀ pé yìnyín máa ń ya wálẹ̀ lójijì níbẹ̀, wọ́n sì fi ọgbọ́n àgbà ní kí wáyà yẹ̀ ẹ́. Ìtàn náà dùn. Èmi lọ bá bàbá fúnra wọn kí wọ́n tó kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Yìnyín wo? Ọmọ yìí, ẹni tí wọ́n rán wá bẹ̀ mí nípa ilẹ̀ yẹn kò kí mi kó tó jókòó. Mo ní kó gbé wáyà rẹ̀ gba ibòmíràn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàárọ̀ tí ẹnì kan kò kí ni, wáyà wa sì ní ìgbọ̀nwọ́ títí dòní!

Flurin Derungs, ọ̀rẹ́ mi, má wolẹ̀, ọ̀rọ̀ kàn ọ́ báyìí. Ìwọ lo sọ mí ní Ìyá Kí-ló-dé, orúkọ náà kò sì kúrò lára mi mọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ Foppa, kòtò ńlá tó wà ní apá àríwá lábẹ́ ṣóńṣó òkè. Ó jìn bí àwo ọbẹ̀, yìnyín rọ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ yíká, ọ̀nà màlúù àtijọ́ nìkan ni èèyàn lè gbà jáde nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀nà yẹn, ọ̀gbun ló ń lọ. Ìlà kan wà láàárín Foppa tí yìnyín kì í nípọn sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń béèrè ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kan lóṣù Kẹta, tọkọtaya kan láti Rotterdam fo okùn tí a fi dí ibẹ̀. Kùrukùru bo òkè. Èmi àti Flurin la tẹ̀ lé ipasẹ̀ wọn. A bá Joost tó ti fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, Maaike ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ètè àwọn méjèèjì ti dúdú. A gbé ọkùnrin náà sórí ibùsùn tí à ń wọ́ lórí yìnyín. Nígbà tí a óò bọ́ sọ́nà, a ò rí ìka ọwọ́ ara wa mọ́. Ipasẹ̀ tí a bá wá, afẹ́fẹ́ ti gbá a lọ. Òkè funfun, ilẹ̀ funfun. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ń sán lókè orí wa, wàràwàrà, bí igi tó fẹ́ wó. Ṣé ká dúró? Ikú. Ṣé ká rìn? Sí ibo?

Mo dojú bolẹ̀, mo fi etí lélẹ̀.

Flurin ní, "Kí lò ń ṣe?"

"Mo ń gbọ́ omi. Àbí òun ni kì í jẹ́ kí yìnyín nípọn lórí ìlà yẹn!"

"Omi kẹ̀? Ìyá Kí-ló-dé, ṣé àkókò ìyẹn nìyí?"

"Panu mọ́, kí ìwọ náà wá gbọ́."

Ó kúnlẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. "Ó ń ṣàn lóòótọ́. Tó bá jẹ́ inú ọ̀gbun ló ń já sí ńkọ́?"

"Mo ti lọ wo ọ̀gbun yẹn nígbà ooru, ó gbẹ táútáú. Omi yìí ò lọ síbẹ̀. Ọ̀nà màlúù ló kù."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Kò dá mi lójú."

Ó wò mí, ó so okùn ibùsùn náà mọ́ ìbàdí, ó ní, "Ó yá, máa gbọ́ ọ lọ."

A ó rìn díẹ̀, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó gbọ́. Nígbà tí ohùn náà bá sọnù, ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi náà á sọnù. Maaike ló kọ́kọ́ fi orí gbá òpó ẹnu ọ̀nà màlúù. Igi tútù lásán, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu! Kò pẹ́ tí a bọ́ síta ni Foppa ya lẹ́yìn wa, ó dún bí ààrá, ilẹ̀ mì. Maaike, dìde kí wọ́n rí ọ. Joost náà, dìde. Ẹ wò ó, ó ń rìn ju Flurin lọ.

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè wá pọ̀ sí i. Omi ọ̀hún, níbo ló ti ń wá? Onímọ̀ àpáta, Annetta Bezzola, wá láti ìlú Chur, ó ní òun náà ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká da aró sómi, ká wo ibi tó máa gbà yọ. A lọ sí ẹ̀yìn òkè ní Vallatscha, níbi tí odò wọn ti ń wọ ihò ilẹ̀ lọ, a da aró tí kì í pa ènìyàn tàbí ẹran lára síbẹ̀, a wá ń retí. A ò mọ̀ pé ọjọ́ ọdún ìlú ló máa jáde! Gbogbo wa wà lójúde pẹ̀lú aṣọ tó dára, ni omi ẹ̀rọ ìlú bá di àwọ̀ ewé. Alága wa, ṣebí ẹ̀yin lẹ kígbe pé, "Ta ló da aró sómi màlúù mi?" Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, sà. Omi Vallatscha, tó gba abẹ́ Foppa wá, ni wọ́n ń mu látijọ́." Ará Vallatscha tí à ń bú láti ayé àwọn bàbá wa! Omi tí ẹ̀dá máa mu, kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́ jù, ẹ̀yin ará ẹ̀yìn òkè, a ò tíì gbà pé ẹ mọ wàràkàṣì ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó kù wúwo. Bí koríko bá hù, wọ́n á tú wáyà àga tó wà nísàlẹ̀ òkè, torí yìnyín kì í dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan fẹ́ kí n sọ pé yìnyín yóò padà. Mi ò lè parọ́ fún yín. Ibi tí mo ti kọ́ síkì lọ́mọdé, koríko ni mo bá níbẹ̀ lóṣù Kínní yìí. Seraina tó ń gba ipò mi bi mí pé, "Màmá, ẹ̀rù ò bà yín?" Mo ní ó ń bà mí. Ó ní, "Kí la ó ṣe?" Ọmọ mi, òkè yìí ti jẹ́ ti màlúù, ó ti jẹ́ ti síkì, ó ń di ohun mìíràn. Kí ni? Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ mọ̀, kí o sì sọ òótọ́ rẹ̀ fún wọn, kódà bí wọ́n bá ń bínú.

Ẹ̀yin tí mo jágbe mọ́ lórí òkè, ẹ foríjì mí, ẹnu mi mú ju ọ̀bẹ lọ. Flurin, o tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ tí mi ò dájú. Kí ni mo fẹ́ fi san ìyẹn?

Ẹni tó bá gòkè nínú yín, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi sọ̀kalẹ̀. Yìnyín kò ní ya lé ọmọ ẹnikẹ́ni lórí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìsun wa gbẹ, tiwa àti ti Vallatscha.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ aṣọ pupa, mi ò gòkè rí kí n má máa wá ohun tó lè pa èèyàn. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó rí mi lórí ìlà níwájú wáyà àga, láàárín àwọn àlejò. N ó jókòó sórí àga, n ó kó ọwọ́ sápò, n ó kàn máa wò. Báwo ni òkè yẹn ṣe rí lójú ẹni tí kò ṣọ́ ọ? Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀.

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣé o.